Ìyá Níbo-Lo-Ń-Sùn

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú ẹ̀dùn ọkàn. Mo mọ̀ pé ẹkún lẹ bá wá, ṣùgbọ́n ní tèmi, inú ń bí mi. Àbúrò mi obìnrin yìí gan-an ló ń bí mi nínú! Òun ló yẹ kó sin mí.

Ẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Agbaninímọ̀ràn ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ bá bí ọkàn wọn bá dàrú. Wọ́n fún un ní ọ́fíìsì, wọ́n gbé àga méjì síbẹ̀ kó lè jókòó bá wọn sọ̀rọ̀. Ṣé ó jókòó? Ẹ dá mi lóhùn! Kó tó bi ọ́ pé kí ló ń ṣe ọ́, á ní, "Níbo lo ń sùn? Dìde, mú mi débẹ̀." Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é nìyẹn: Ìyá Níbo-Lo-Ń-Sùn.

Ọmọbìnrin kan ní ẹ̀rù ń ba òun, òun ò rí oorun sùn. Àbúrò mi bá a dé yàrá. Èèyàn mẹ́fà nínú yàrá ẹni méjì! Ilẹ̀kùn ò ní kọ́kọ́rọ́, ẹnu ọ̀nà sì lọmọ náà tẹ́ ẹní sí. Ló bá gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà lọ. Ọ̀gá, ẹ má wolẹ̀, ẹ̀yin náà nìyẹn! Ẹ ní, "Màdámù, ọkàn la ní kẹ́ ẹ tọ́jú, a ò ní kẹ́ ẹ tọ́jú ilẹ̀kùn." Ó ní, "Ẹnu ilẹ̀kùn yẹn lẹ̀rù ń gbà wọlé, sà. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn." Kò kúrò níbẹ̀ títí ẹ fi pe káfíńtà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ká mi lára. Dókítà ti ní àyà rẹ̀ ò dáa, kó máa sinmi. Mo lọ kí i, mo bá a tó ká jọ sórí àga ní pálọ̀. "Bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?" "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti bá akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ." Mo gbé fóòmù tèmi wá fún un. Ẹ̀yin èèyàn wa, fóòmù yẹn ò lo ọ̀sẹ̀ kan nílé! Ìwọ tó ò ń sùn lé e, mo rí ẹ níbẹ̀ yẹn. Má sunkún, ọmọ mi. Ó ti di tìẹ.

Ó bi gbogbo ayé níbi tí wọ́n ń sùn. Nínú gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ kún ibí yìí, ta ló bi òun?

Àbúrò mi, olórí kunkun, ó tó gẹ́ẹ́. Máa lọ ire, kí ọ̀nà tutù fún ọ. Bó o bá débẹ̀, má bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Bí wọ́n bá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọ, mo bẹ̀ ọ́, má gbé e fún ẹnì kankan.

Ìwọ ni kó o sùn síbẹ̀.