Wọ́n Ní Onírẹ̀lẹ̀ Ni Mí

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí nínú. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mi ò lè rìn kọjá ní Òkè-Ìlá kí ẹnìkan má dá mi dúró kí mi. Wọ́n á ní, "Màmá Tọ́pẹ́, ẹ kú oríire o, ẹ kú ìwà ìrẹ̀lẹ̀." Fídíò tí wọ́n fi fóònù ká níbi ọjọ́ orin ní Ìlá ti dé Ìgbájọ, ó ti dé Ìlọrin, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun pàápàá ti rí i. Olùṣọ́àgùntàn wa fi mí ṣe àpẹẹrẹ lórí pẹpẹ, wọ́n ní kí gbogbo obìnrin ìjọ kẹ́kọ̀ọ́ lára mi, wọ́n sì ní kí n wá bá ẹgbẹ́ àwọn ìyá sọ̀rọ̀ lórí bí obìnrin ṣe ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ nílé ọkọ. Èmi! Èmi tí ẹ ń wò yìí! Bí wọ́n bá ti ń kí mi, màá rẹ́rìn-ín, màá ní Ọlọ́run ló ni ọpẹ́, màá sì tètè bá tèmi lọ. Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́, mo kúnlẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó gbé mi dé orí eékún ni wọn ò mọ̀.

Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ìlá ni wọ́n bí mi sí, Òkè-Ìlá ni mo lọ́kọ sí. Mo pẹ́ kí n tó lọ́kọ, mi ò ní fi bò fún yín. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí wọ́n mú mi wọlé. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà ni àbúrò ọkọ mi ti gbé ìyàwó tirẹ̀, ọmọbìnrin kan tí mo fi ọdún méje jù lọ, tí kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, tó ń bá ọkọ rẹ̀ ṣe oko kòkó. Ẹ sì mọ àṣà wa. A kì í fi ọjọ́ orí ka ìyàwó nínú agbo ilé, ọjọ́ tí kálukú wọlé la fi ń kà á. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan péré ṣáájú rẹ wọlé, ìyálé rẹ ni, ì báà jẹ́ ìwọ lo kọ́ ọ ní A, B, D. Bí ọmọ kékeré yẹn ṣe di ìyálé mi nìyẹn. "Ìyàwó" ló ń pè mí. Kò fi ìwọ̀sí pè mí bẹ́ẹ̀ o, bí wọ́n ṣe ń pe ìyàwó kékeré nìyẹn, ṣùgbọ́n bó bá ti pè mí báyìí, ara mi á gbóná. Èmi ò pè é ní ìyálé rí. Ìyá Dàmọ́lá ni mo ń pè é, bí ẹni ń pe àbúrò rẹ̀. Odidi ogún ọdún la fi wà bẹ́ẹ̀! Kò bínú, kò sì bá mi jà. Bóyá ká ní ó bá mi jà ni, ojú mi ì bá tètè là.

Nínú agbo ilé wa, orin oríkì kan wà tí àwọn ìyàwó ilé máa ń kọ bí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ tàbí tí a bá ń sin arúgbó. Ẹni tó jẹ́ àgbà nínú àwọn ìyàwó tó ṣì lágbára ló máa ń dá a, àwọn tó kù á máa gbè é. A kì í kọ ọ́ sínú ìwé. Ìyàwó tuntun á lọ jókòó ti ìyálé rẹ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n á jọ máa bó ẹ̀gúsí, ìyálé á máa kọ ọ́ sí i létí díẹ̀díẹ̀ títí á fi mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyá tó ṣáájú wa ti lọ, àwọn mìíràn ti darúgbó, orin sì ti bọ́ sọ́wọ́ Ìyá Dàmọ́lá. Ṣé kí èmi tíṣà wá lọ jókòó sídìí ẹ̀gúsí kí ó máa kọ́ mi? Mo ní iṣẹ́ ilé ìwé ò jẹ́ kí n ráyè. Ẹ má dá mi lóhùn, ìgbéraga ni. Bí wọ́n bá ń kọ ọ́, mo máa ń gbè é pẹ̀lú wọn, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ṣebí èmi náà ni mò ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ta ló tún ní ohùn tó tó tèmi ní gbogbo Òkè-Ìlá?

Ìgbà tó di ọdún yìí, àwọn ọmọ ìlú tó ń gbé ẹ̀yìn odi ṣètò ọjọ́ orin kan sí pápá ilé ìwé ní Ìlá. Wọ́n ní kí àwọn olórin wá láti ìlú gbogbo àti abúlé gbogbo, kí kálukú kó ìdílé rẹ̀ lẹ́yìn, kí wọ́n gbé ẹní àti oúnjẹ dání, ká jọ jókòó síta gbangba ká gbọ́ orin títí oòrùn á fi wọ̀. Wọ́n ní ìyàwó ilé náà lè wá kọ orin ilé ọkọ wọn. Torí pé èmi ni mo mọ̀wé, wọ́n ní kí n kọ orúkọ wa ránṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí yóò dá orin, mo kọ orúkọ ara mi síbẹ̀. Ó wá ku bí mo ṣe máa ṣe é tí Ìyá Dàmọ́lá ò fi ní sí níbẹ̀, torí bó bá wà níbẹ̀, ta ló máa jẹ́ kí n dá orin? Ó wà lóko lọ́sẹ̀ náà, wọ́n ń sá kòkó. Mo pè é lórí fóònù, mo ní aago méjì ọ̀sán ni bọ́ọ̀sì máa gbéra, kó má wulẹ̀ kánjú. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ la fi sí. Ó ní, "Ó dáa, Ìyàwó. O ṣeun tó o rántí mi." Ọpẹ́ tó fi dá mi lóhùn yẹn, kò tíì kúrò létí mi títí di òní.

A gbéra láago mọ́kànlá. Àwọn ìyàwó tó kù ń bi mí pé ìyálé dà, mo ní ó máa bá wa níbẹ̀. Ọkọ mi, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bi mí lẹ́ẹ̀kan, mo dá a lóhùn bákan náà, kò tún bi mí mọ́. Ẹ wá wo pápá yẹn lọ́jọ́ náà! Ẹní lọ́tùn-ún, ẹní lósì, àwọn ọmọdé ń sá kiri, Tọ́pẹ́ ọmọ mi ń bu ìrẹsì fún bàbá rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn àgbẹ̀ kan láti abúlé fi agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kọrin débi pé àwọn arúgbó gbàgbé ọ̀pá wọn sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ gbé gìtá jáde. Mo ti wọ aṣọ tí mo tọ́jú, mo ti mu omi gbígbóná. Àwọn ọmọ kíláàsì mi jókòó sórí ògiri, wọ́n ń na ọwọ́ sí mi. Inú mi dùn dé góńgó, mi ò ní parọ́. Mi ò rántí ẹnìkan tó wà lóko.

Wọ́n pè wá, a gun orí pèpéle, mo gba maìkì, mo dá orin. Ẹ̀yin èèyàn, ohùn mi dùn! Mo kọ ọ́ pé, ọmọ olóko iṣu tí kì í jẹ́ kí àlejò febi sùn, àwọn ìyàwó gbè é, pápá pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó wá dé ibi tí a ti ń pe àwọn baba ilé níkọ̀ọ̀kan ni mo mọ̀ pé mo ti wọ gàù. Nígbà tí a bá ń gbè é, àtẹ́wọ́ nìkan la máa ń pa níbẹ̀, ẹni tó dá orin nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ogún ọdún ni mo fi pàtẹ́wọ́ síbẹ̀ láìfetí sílẹ̀. Mo pe baba kìíní, mo pe ìkejì. Mo tún pe ìkejì. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkankan lórí mi mọ́. Ẹni tó ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣì ń mì í, ó ń wò mí. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín níwájú. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń wo ara wọn lójú lórí ògiri.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ìyá Dàmọ́lá jókòó sílẹ̀ níwájú pèpéle, ó wọ aṣọ oko, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wo ojú mi. Ó pa ẹnu mọ́. Kì í ṣe ìkà ló fi pa á mọ́. Ní tiwa, a kì í já orin gbà lẹ́nu ẹni tó dá a, ìyálé pàápàá kò gbọdọ̀ ṣe é. Ẹni tó dá a ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ẹni tó jù ú lọ, orí eékún ló sì ti ń gbé e. Kí ni ṣíṣe? Ṣé kí n ní ẹ ṣeun, kí n sọ̀ kalẹ̀, kí ilé ọkọ mi di ẹ̀sín ní Ìlá, ní ìlú tí wọ́n bí mi sí? Mo wo ọkọ mi. Ọkùnrin tí kì í tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni ti sorí kọ́, ẹní ló ń wò. Ohun tó mú mi kúnlẹ̀ nìyẹn. Ẹ fetí sí mi dáadáa: kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Ìtìjú ni, àti ìbẹ̀rù. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú maìkì lọ́wọ́, gbogbo pápá sì gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Ìyálé mi, orin yín rè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó gun orí pèpéle. Ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní kí n dìde kí n gbè é. Kò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ o! Ibi tí mo ti já a gan-an ló ti so ó pọ̀, bí ẹni pé orin kan náà ni látẹ̀yìn wá. Ó pe àwọn baba ilé tán, kò fo ẹnìkan. Ó pe àwọn ìyá tó ti lọ. Ó wá ń pe àwa ìyàwó bí a ṣe wọlé, ó pe ara rẹ̀, ó sì pè mí tẹ̀ lé e. Ó ní, ìyàwó tó gbé ìwé wọ ilé wa, tó kọ́ ọmọ mi, tó kọ́ ọmọ aládùúgbò. Mo bú sẹ́kún. Ogún ọdún ni oríkì mi ti wà lẹ́nu obìnrin yìí, mi ò sì fetí sí i rí! Mo gbè é nígbà náà, mo fi gbogbo agbára mi gbè é, ohùn mi mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Pápá dìde. Àwọn bàbá bọ́ fìlà, wọ́n ń jù ú sókè. Ọkọ mi gbé ẹní lé èjìká, ó ń jó bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n ní a ò lọ ibì kankan. Ẹni tó ń darí ètò gba maìkì, ó ní kí gbogbo ayé wá wo bí àwọn obìnrin wa ṣe mọ àgbà í bọ̀wọ̀ fún, pé a ti fara balẹ̀ gbèrò rẹ̀ ká tó wá. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo juwọ́ sí wọn, mo gba ìyìn náà.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Nígbà tí olùṣọ́àgùntàn ní kí n wá kọ́ àwọn ìyá ní ìrẹ̀lẹ̀, mi ò lè jẹun mọ́. Mo gun ọ̀kadà lọ bá ìyálé mi lóko, mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ aago méjì fún un. Ó ń da kòkó láàárín ọwọ́, kò tilẹ̀ dúró. Ó ní òun ti mọ̀, pé awakọ̀ tó ń gbé kòkó wọn ti sọ àkókò fún òun lọ́jọ́ kejì tí mo pe òun, pé òun ti jókòó sáàárín èrò ní pápá kí bọ́ọ̀sì wa tó dé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wá gba orin rẹ̀. Ó ní èmi ni mo dá a, òun ń gbàdúrà kó yọrí lẹ́nu mi, torí orúkọ ilé wa ló wà níbẹ̀. Ojú tì mí débi pé ilẹ̀ ni mo ń wò. Ó wá wò mí, ó ní, "Irọ́ tó o pa fún mi, mo ti gbàgbé ẹ̀, Ìyàwó. Ìyìn tí wọ́n ń fún ọ yẹn ni kì í ṣe tìẹ. Dá a padà."

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, mo máa dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, màá sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ yìí; ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fi dánra wò. Ìwọ obìnrin tó o mọ̀wé ju ìyálé rẹ lọ, tó o dàgbà jù ú lọ, tó o lówó jù ú lọ, tètè lọ kúnlẹ̀ fún un nínú yàrá níbi tí kò sí maìkì. Èmi ò tètè lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo fídíò náà, tẹ́ ẹ ti gbàdúrà fún mi, tẹ́ ẹ ní kí Ọlọ́run fún yín nírú ìwà mi, ẹ ṣeun. Ẹ gba ìyìn yín padà. Ìyálé mi ló ni ín.