Ìpè Mọ́kànlá Tí Kò Wọlé

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Allah, tó ń gbọ́ ẹni tó pè é láìlo òpó, láìlo káàdì. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì wa, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ sún mọ́ iwájú. Ta ló ni fóònù tó ń ké yẹn? Ẹ pa á! Ọ̀rọ̀ fóònù gan-an ni mo fẹ́ sọ lónìí, inú sì ń bí mi.

Amánà, ohun tí a fi síkàáwọ́ ẹni, ni mo wá bá yín sọ. Ànábì ní olùṣọ́ ni gbogbo wa, a ó sì bi oníkálukú léèrè nípa ohun tí a ní kó máa ṣọ́. Ẹ ń mi orí. Ṣé ẹ rò pé ọba àti gómìnà nìkan ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí ni? Ó ń bá máníjà wí!

Ọkùnrin kan wà n'Íbàdàn tó ń jẹ́ Nọ́jíìmù. Máníjà ni ní iléeṣẹ́ fóònù kan. Ẹ má bi mí pé iléeṣẹ́ wo. Èyí tó wà nínú àpò yín náà kò sàn jù ú lọ. Gbogbo òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìgbèríko, abẹ́ rẹ̀ ni. Ìrun? Ó ń kí i. Ààwẹ̀? Kì í jẹ ọ̀kan. Òun ló ra rọ́ọ̀gì sí mọ́sálááṣí àdúgbò rẹ̀. Ẹ̀yin ará, rọ́ọ̀gì kọ́ ni wọn yóò bi í léèrè!

Tẹ́lẹ̀, ọkùnrin alálùpùpù kan ń lọ yẹ àwọn òpó wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nọ́jíìmù dé orí àga, ó lé e. Ó ní ìnáwó ni. Ó wá gbé òfin tuntun kalẹ̀: kí fóònù kan wà nínú ilé ọlọ́dẹ lábẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan. Bí òpó bá bàjẹ́, kí ọlọ́dẹ tẹ oókan ránṣẹ́. Bí kò bá ránṣẹ́, àlàáfíà ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì jí fóònù náà, ó ní kí wọ́n fi ṣéènì so ó mọ́ ògiri. Inú àwọn ọ̀gá rẹ̀ l'Ékòó dùn, wọ́n fún un ní ìwé ìyìn.

Ẹ dúró ná. Nígbà tí òpó bá kú, fóònù wo ló fẹ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn! Ìyá tí kò kàwé rárá ti mọ̀ ọ́n. Àwọn tó jókòó sínú ẹ̀rọ amúlétutù, kò sẹ́ni tó béèrè nínú wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìlú kékeré kan wà lọ́nà Ìsẹ́yìn, Òkè-Ìpadò. Òpó kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Nọ́jíìmù sí, ibẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀, Alhaja Muníràtù, ń gbé. Bàbá àgbàlagbà kan, Bàbá Làsísì, ló ń ṣọ́ òpó náà. Lọ́jọ́ Àtìní kan, bẹ́líìtì jẹnẹrétọ̀ òpó já. Bẹ́líìtì lásán! Òpó kú, gbogbo ìlú dákẹ́. Bàbá Làsísì tẹ oókan, kò lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ títí àtàǹpàkò rẹ̀ fi ń ro ó. Ní Tàláàtà, ó wọkọ̀ lọ sí iléeṣẹ́ náà n'Íbàdàn.

Ọmọbìnrin tó wà ní kóńtà ní, “Bàbá, a kì í gba ẹjọ́ òpó níbí. Fóònù tó wà lábẹ́ òpó lẹ máa fi ránṣẹ́.”

“Ọmọ mi, kò ṣiṣẹ́. Ohun tí mo wá sọ gan-an nìyẹn.”

“Tó bá ti ṣiṣẹ́, ẹ fi ránṣẹ́.”

Wàláì, bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn! Nọ́jíìmù fúnra rẹ̀ bá wọn níbẹ̀. Ó kí bàbá, ó ṣí kọ̀ǹpútà.

“Bàbá, ẹ wò ó, gíríìnì ni Òkè-Ìpadò. Ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́. Òpó yín ń ṣiṣẹ́.”

“Nọ́jíìmù, abẹ́ òpó yẹn ni mò ń sùn. Mo ní bẹ́líìtì jẹnẹrétọ̀ ti já, ó ti kú.”

“Bàbá, òfin lòfin. Bí mo bá gba tiyín, gbogbo ọlọ́dẹ ni yóò máa wọkọ̀ wá.” Bí bàbá ṣe yí ẹ̀yìn padà, ó kìlọ̀ fún àwọn tó wà ní géètì pé ọlọ́dẹ òpó kankan kò gbọdọ̀ wọlé mọ́.

Ó di Jímọ̀. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, àyà gbá Alhaja Muníràtù mú. Ó ní, “Ẹ bá mi pe Nọ́jíìmù. Kí n ṣáà gbọ́ ohùn rẹ̀.” Wọ́n pè é, kò lọ. Ìyá gba fóònù lọ́wọ́ wọn, ó ń tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Bàbá Làsísì bá bẹ́ sórí ọ̀kadà, ó forí lé Ìbàdàn láti lọ mú ọmọ wá.

Wọ́n dá a dúró ní géètì. “Ọlọ́dẹ òpó? Ọ̀gá ní ká má jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé.” Ó ní ìyá ọ̀gá wọn ló ń kú lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní irọ́ ni. Ó fa fóònù tirẹ̀ yọ, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà n'Íbàdàn, ó pe Nọ́jíìmù. Nọ́jíìmù rí orúkọ tó jáde: Bàbá Làsísì Ọlọ́dẹ. Ó pòṣé. Ó ní, “Bẹ́líìtì!” Ó sì pa fóònù.

Ìgbà tó ń jáde lọ kírun Jímọ̀ ló rí bàbá nínú oòrùn.

“Bàbá, ti bẹ́líìtì yẹn náà ni?”

“Rárá, Nọ́jíìmù. Ti ìyá ẹ ni.”

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ òfin wa. Jànáázà kì í pẹ́ nílẹ̀. Ìyá ti kú kó tó di ọ̀sán. Lèmọ́mù béèrè bóyá ọmọ rẹ̀ ń bọ̀, ẹnikẹ́ni ò mọ̀, wọn ò sì rí i pè. Lẹ́yìn Jímọ̀, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín. Ìgbà tí mọ́tò Nọ́jíìmù fi máa dé, wọ́n ti ń fọ erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́.

Lèmọ́mù ní, “Ọmọ mi, ká ní o pè wá pé o ń bọ̀ ni, à bá dúró dè ọ́.”

Wọ́n gbé fóònù ìyá lé e lọ́wọ́. Ìpè mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, orúkọ kan náà: Nọ́jíìmù Ọmọ Mi. Ìkankan ò wọlé. Ó bú sẹ́kún. Ó fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin n'Ílọrin láti túfọ̀ fún un, kò lọ. Ó sáré wọ ilé ọlọ́dẹ, ó di fóònù inú ṣéènì mú, ó tẹ oókan. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń sunkún. Bàbá Làsísì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Bàbá ní, “Tó bá ti ṣiṣẹ́, fi ránṣẹ́.”

Wọ́n so bẹ́líìtì náà lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kejì péré! Àṣé ó ṣeé ṣe. Àṣé kò le! Ìyá ọmọ wo ló tún ti pe ọmọ rẹ̀ lábẹ́ àwọn òpó yòókù, tí a ò gbọ́?

Ìwọ tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá, ní ọ́fíìsì o, ní ilé o, ní mọ́sálááṣí yìí náà o, bí ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ bá sọ fún ọ pé ó ti bàjẹ́, dìde lọ wò ó. Má fi kọ̀ǹpútà já a nírọ́. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ọlọ́hun, má jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń mú ìròyìn ìyá wa bọ̀. Fi ọ̀nà mọ̀ wá, là wá létí, kó o sì forí ji Alhaja Muníràtù. Àmín. Àwọn tí ìyá wọn wà láyé, tí ẹ bá jáde, ẹ tan fóònù yín padà, kẹ́ ẹ pè wọ́n.