Ewé Àbẹ̀bí Kọ́ Ló Pa Flora

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ikú tó pa á mọ́ mi lẹ́nu." Báyìí ni Rodolphe ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí ẹní ní Idigny, nígbà tí jẹjẹrẹ ti jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tán. Ó ti ní kí wọ́n lọ pe Àbẹ̀bí, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, wá láti abà Okpomèta tí wọ́n lé e lọ. Ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò kí i.

"Ìyá mi, ewé yín kọ́ ló pa Flora. Èmi ni."

Ta ni kò mọ ewé Àbẹ̀bí ní Idigny? Bí obìnrin bá rọbí títí tí ọmọ ò wálẹ̀, òun ni wọ́n ń wá lọ. Rodolphe, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwádìí kan ní Kútọnu, gba ewé náà, ó ń wá pẹptíìdì, èròjà tín-ín-tín tó ń ṣiṣẹ́ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ a ti omi ewé gba inú ọ̀pá irin tí wọ́n ki ìyẹ̀fun kún. Èròjà kọ̀ọ̀kan a jáde lásìkò tirẹ̀, ẹ̀rọ a sì ya ìlà kan tó ga bí òkè fún un lórí ìwé. Òkè méjì fara ti ara wọn. Ọ̀kan ni oògùn, èkejì ń fa ilé ọmọ ya bó bá ki; nínú àgbo Àbẹ̀bí, kò tó nǹkan. Bí wọ́n bá rọra ti omi náà, méjèèjì a pínyà. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àmọ́ ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún Rodolphe? Ó fẹ́ kí orúkọ òun yọ kí ẹlòmíràn tó gba iwájú. Ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ da méjèèjì, ní kíki, sínú ìgò kan náà.

Flora, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń rọbí lọ́wọ́ nígbà tó gbé ìgò náà délé. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá fúnni lóògùn ní í kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ìkà ènìyàn! Ó nà án sí Àbẹ̀bí. "Ewé yín náà ni, Ìyá mi. Mo kàn fọ̀ ọ́ mọ́ ni." Àbẹ̀bí tọ́ ọ wò, kò ṣe é ní nǹkan kan, nítorí kò lóyún. Ó fún Flora mu.

"Ìyá, inú mi ń ya!" ni Flora ń ké. Ẹ̀jẹ̀ ò dá títí ẹ̀mí fi bọ́, tòun tọmọ.

Àwọn ará ilé figbe ta: "Àbẹ̀bí mu ún, kò kú! Flora mu ún, ó kú!" Wọ́n yíjú sí Rodolphe, ọ̀mọ̀wé wọn. Ibi tó burú jù nìyí o. Ó ní, "Mo ti yẹ ewé náà wò. Oró ni láti ilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló pa á." Òun náà ló kọ́kọ́ sọ òkúta lù ú, kí wọ́n tó lé e lọ sí abà.

Rodolphe sọ ọ́ tán lórí ẹní, ó ń sunkún. "Ẹ dárí jì mí, Ìyá mi."

Àbẹ̀bí bi í pé, "O rántí Sylvie, ọmọ mi?"

"Wọ́n ní ibi ìrọbí ló kú sí."

"Ọ̀dọ̀ mi ní abà ló wá rọbí sí. Ọmọ dábùú. Ó ń pè mí pé, 'Ìyá, ẹ fọwọ́ kàn mí.' Mo ti gbà ọ́ gbọ́, Rodolphe. Mo rò pé ọwọ́ mi ń pa aboyún lóòótọ́. Mo dúró síta, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ títí ó fi dákẹ́."

Rodolphe fẹ́ dìde, kò lè dìde. "Ìyá mi, ìdáríjì ńkọ́?"

"Tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ Sylvie," ni ìyá àgbà wí, ó dìde. "Ẹ ò ní pẹ́ fojú kanra."