Ọ̀rọ̀ Tó Di Ọmọ

Lórí ìlà abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Igando, ìyá ìbejì kan bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe áàpù ìforúkọsílẹ̀ wọn pé kí ló dé tí káàdì Táyé jáde, tí ti Kẹ́hìndé ò jáde.

"Ẹ má bínú, mà. Ọ̀rọ̀ lásán ni fóònù yín fi ránṣẹ́, JSON là ń pè é. Kọ̀ǹpútà wa ló ń sọ ọ́ di ọmọ nínú ìwé. Ó rí ìyá kan, ọjọ́ ìbí kan, ó ní ọmọ kan náà lẹ fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ọ̀rọ̀ lásán, ó di ọmọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ẹnu yà á, ó wo èyí tó pọ̀n, ó wo èyí tó gbé lọ́wọ́. "Ọlọ́run dá méjì, ìwọ dá ọ̀kan. Ọmọ Yorùbá sì ni ẹ́, o gbàgbé ìbejì!"

Èmi tí mo wà lẹ́yìn wọn, mo ń wo fóònù mi bí ẹni ń wo ikùn aboyún.