Ohùn Olóògbé Tí Mo Pa Rẹ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní olórí akọrin, ẹ gbọ́ mi lónìí. Bí n kò bá sọ ọ́, àwọn òkúta ìlú Mzuzu yìí yóò bá mi sọ ọ́. Orin Àjíǹde tí ẹ fi ń yìn mí kì í ṣe tèmi. Mo jí i ni.

Mama NyaGondwe ló ni ín. Ẹ mọ̀ pé ojú rẹ̀ fọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rẹ̀ a máa ka ohun gbogbo sí i létí. Inú dísíìkì kékeré kan tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà náà ni ó ń kó orin rẹ̀ sí. Nígbà tí dísíìkì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, ó ránṣẹ́ pè mí pé kí n bá òun tún un ṣe. Mo gbọ́ orin náà, orí mi wú, ìlara sì wọ̀ mí bí ó ti wọ Sọ́ọ̀lù. Mo dà á kọ sínú fóònù mi. Mo mọ̀, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, pé ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ń gbe ohùn báàsì, ohùn ìsàlẹ̀, nínú rẹ̀, pé kò sí ibòmíràn láyé tí ohùn ọkùnrin náà kù sí. Síbẹ̀ èmi, ìkà ènìyàn, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

"Mama, dísíìkì yín ti kú o."

"Ó kú, kẹ̀? Òun tó kọrin fún mi láàárọ̀? O ò tiẹ̀ bá mi kẹ́dùn!"

Ọjọ́ Àjíǹde dé, a kọ orin náà níbi ìdíje àwọn akọrin nínú ìsìn, a sì gba ipò kìn-ín-ní. Lẹ́yìn ìsìn, Mama di apá mi mú. "Wezi, kí ló dé tí gbogbo yín dúró mí èémí láàárín ìlà kẹta?"

"Bí mo ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀ nìyẹn, Mama."

"Hẹn-ẹn. Ikọ́ fée ló máa ń dá ọkọ mi dúró níbẹ̀. Ṣé àyà ń dun ìwọ náà ni?"

Mo yọ́ lọ.

Láìpẹ́, ó ní kí n wá jẹ òkèlè nsima àti ẹja usipa. Olùkọ́ afọ́jú kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti fún un ní irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó ń wá ohun tó sọnù nínú dísíìkì, tó sì ń sọ gbogbo ohun tó bá ń ṣe sókè.

"Má fọwọ́ kan nǹkan kan o, ọ̀gá àtúnṣe. Etí rẹ nìkan ni mo pè."

Ẹ̀rọ náà ń wá, ó ń sọ̀rọ̀: "Mo rí ohùn kan." Ará, n kò mọ̀ pé pípa tí mo pa á rẹ́ dà bí kí ènìyàn fa ojú ìwé atọ́ka nìkan ya kúrò nínú ìwé orin, gbogbo orin ṣì wà níbẹ̀! Ohùn báàsì náà dìde bí egungun gbígbẹ inú àfonífojì. Ó kọrin, ó dúró, ó mí, ó tún gbé e. Ẹ̀rù Ọlọ́run bò mí.

Mama gbé àtẹ́lẹwọ́ lé dísíìkì náà, ó kí ọkọ rẹ̀: "Ẹ káàbọ̀, Baba Temwa."

Mo dojú bolẹ̀. "Mama, èmi ni!"

"Mo ti mọ̀. Lọ sọ fún àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún ẹ."

Ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí àwọn ènìyàn ń gbé ẹrù wọn fún kí ẹ bá wọn tún un ṣe, ẹ bẹ̀rù Ẹni tí kò sí ohun tó pa mọ́ lójú rẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àga olórí akọrin. Ẹ mú Mama wá síwájú, kí òun fúnra rẹ̀ gbé orin rẹ̀ fún wa.