Ìlú Tẹ́tẹ́ àti Tábìlì Ìyá Mi

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọjọ́ ààwẹ̀ ìjọ wa ni. Mo ti ibi àdúrà ọ̀sán dé, mo tún kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo gbàdúrà, oorun sì gbé mi lọ lórí ìkúnlẹ̀.

Ọkùnrin aláṣọ funfun kan dúró tì mí. Ó ní, "Dìde, wá wo ìlú."

Ìlú náà ń tàn. Omi ń fò sókè níwájú àwọn òtẹ́ẹ̀lì, iná pupa àti iná búlúù ń sáré lára ògiri. Ó mú mi yí i ká títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, níbo la ti máa jẹun?"

Ó ní, "Wò ó ná."

Iye ìgbà tí mo béèrè, "Wò ó ná" náà ni. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

A wọ ilé tẹ́tẹ́ ńlá kan. Àwọn èèyàn jókòó síwájú ẹ̀rọ, oúnjẹ gbígbóná wà lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n ọrùn wọn kò ṣeé yí. Ọwọ́ wọn ti lẹ̀ mọ́ irin ẹ̀rọ náà, irin náà pọ́n bí ẹyin iná, ó ń jó wọn, wọ́n ń ké, wọ́n sì ń fà á, wọ́n ń ké, wọ́n sì tún ń fà á, kò sì dúró.

Onílé kan tí mo mọ̀, tó lé opó síta nínú òjò nígbà ayé rẹ̀, rí mi. "Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Ẹ bá wa fà á, bóyá ọwọ́ yín á mọ́ ju tiwa lọ."

Ọkùnrin tó jókòó sídìí ẹ̀rọ kejì ní, "Fi wọ́n sílẹ̀. Pàṣán nìkan lọwọ́ tíṣà mọ̀ ọ́n dì mú."

Amọ̀nà mi ní, "Aninilára lèyí, alágbèrè sì ni tọ̀hún. Ohun tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n ń lé. Tiwọn wà lẹ́yìn wọn, wọn kò lè rí i mọ́."

A gun òkè kan. Ilé kan wà níbẹ̀ tí kò ní iná aláràbarà, tábìlì gígùn wà nínú rẹ̀, àwọn èèyàn ń jẹun pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá mi tó ti sùn nínú Olúwa ló ń bu àsáró. Ó gbójú sókè.

"Àbẹ̀kẹ́, wá jẹun."

Ẹ̀yin ará, kò sí ohun tí mo fẹ́ ju kí n jókòó tì í. Ṣùgbọ́n òun gan-an ló kọ́ mi pé ọmọlúàbí kì í sáré sídìí oúnjẹ. Wọn á pè é, á kọ́kọ́ kọ̀, wọn á tún pè é. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà. Ẹ máa jẹun lọ, mo ti yó."

Mo dúró de ìpè kejì. Ìyá mi wò mí pẹ́, ó gbé àwo mi kúrò, ó sì rọra dé ìkòkò.

Mo yíjú sí amọ̀nà mi. "Ẹ bá mi sọ fún wọn, sà. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ lásán ni."

Ó ní, "Ohun tí ẹnu bá sọ ni a ń gbà níhìn-ín. Irọ́ kò ní orúkọ mìíràn lọ́dọ̀ wa."

Ilẹ̀kùn ń tì, mo ń sáré, mo ń pariwo pé n kò yó, n kò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀, ìyá mi, n kò yó, mo na ọwọ́, ọwọ́ mi sì kan bẹ́ẹ̀dì.

Ó ń dùn mí títí di òní. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò ní kí ẹ sọ ọmọ yín di wọ̀bìà. Ọ̀wọ̀ dára. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pè wá sí ìyè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, à ń rẹ́rìn-ín músẹ́, à ń sọ pé èyí tí a ní ti tó. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n: bí ebi bá ń pa yín, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ ní ìpè àkọ́kọ́.