Ta Lẹ Máa Kí ní Peru?

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Chicago, ní àwọn ọdún 1980, mo jókòó lẹ́yìn nọ́ọ̀sì kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin nínú bọ́ọ̀sì Albany Park, wọn ò sì mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni mí.

“Àǹtí, ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Peru lóòótọ́? Ilé ta lẹ máa dé sí?”

“Òtẹ́ẹ̀lì.”

“Ẹ ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀! Ta lẹ máa kí?”

“Láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà, ìgbéyàwó àti òkú sísin nílé ló ń gba gbogbo ìsinmi mi. Tèmi ni ti ọdún yìí. Mo fẹ́ fojú mi rí ìlú tí àwọn Inca ayé àtijọ́ fi òkúta kọ́ sórí òkè.”

“Orúnkún yín ńkọ́?”

“Orúnkún tó ń bá mi dúró ti aláìsàn látàárọ̀ dalẹ́? Á gùn ún!”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ahoro ni o. Kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn.”

“Ẹni tó gbé irú òkúta yẹn gòkè, kí n débẹ̀ kí n má kí i? Màá dúró láàárín ahoro náà, màá ní, ‘Ẹ kú iṣẹ́ o!’”

Ó pariwo rẹ̀ débi pé dírẹ́bà wẹ̀yìn. Mo ti darúgbó báyìí, ṣùgbọ́n ìkíni yẹn ò kúrò létí mi, àti ohùn àbúrò rẹ̀ bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀: “Àǹtí, ẹ bá mi kí wọn.”